Bí A Ti Í Ra Ẹ̀rọ Ìfọkọ̀ Àkọ́kọ́

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfọkọ̀ ni mo bá wá, èyí tí ń fi epo bẹntiróòlù ṣiṣẹ́, tí ń tu omi jáde bí ẹni pé inú ń bí i. Owó èésú, tàbí owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń rà á láti dá ibi ìfọkọ̀ sílẹ̀ létí títì. Bí ẹ̀rọ náà bá kú láàárín oṣù kan, gbèsè kò ní bá a kú.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí a kò fi ra èyí tí ń lo iná mànàmáná, tí kì í pariwo? Bí iná bá ń wà ládùúgbò yín láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹ rà á, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó gbé ọkọ̀ ẹlẹ́rẹ̀ dé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kò ní dúró de iná.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀, nọ́ńbà ńlá kan tí wọ́n kọ PSI tì ni olùtajà yóò kọ́kọ́ nàka sí. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ipá omi náà ti tó. “3,500 rèé, bọ̀ọ̀dá!” Ẹ má jẹ́ kó kó sí yín lórí. Ọkọ̀ kò nílò ju nǹkan bí 1,500 sí 2,000 lọ. Èyí tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa lè bó ọ̀dà ara ọkọ̀ bí a bá fi sún mọ́ ọn jù. Nọ́ńbà kejì, tí wọ́n máa ń kọ wínníwínní, ni kí ẹ wá: iye lítà omi tí ẹ̀rọ náà ń tú ní ìṣẹ́jú kan. Ipá ló ń ṣí ẹrẹ̀ nídìí, ṣùgbọ́n omi púpọ̀ ló ń gbé e lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bá mi ṣírò èyí. Bí ẹ̀rọ bá ń tu lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mélòó ni dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 yóò fi gbẹ? Ogún péré ni. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kò tilẹ̀ ní lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tó bá ń ra omi lọ́wọ́ oníkẹ́ẹ̀gì, kó yáa ṣe ìṣirò yìí kó tó ra ẹ̀rọ.

Wàyí o, pọ́ǹpù ni ọkàn ẹ̀rọ náà. Oríṣi kan wà tí wọ́n dè mọ́ imú ẹ́ńjìnì tààrà. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ sì rọjú. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì ti ń sáré ló ń sáré, ó sì tètè ń gbóná. Bí ó bá bàjẹ́, púpọ̀ nínú wọn kò ṣe é tú, àfi ká ra òmíràn. Omi tí ń ti páìpù sáré wá ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ wọn fún, wọn kì í fa ti inú dúrọ́ọ̀mù dáadáa. Oríṣi kejì ni oní-písítìnì mẹ́ta, tí bẹ́líìtì so mọ́ ẹ́ńjìnì. Ó wúwo, kò sì dùn ún wò. Àmọ́ ó rọra ń yí ju ẹ́ńjìnì lọ, ó ń fa omi fúnra rẹ̀, bí rọ́bà inú rẹ̀ bá sì jẹ, mẹkáníìkì lè pààrọ̀ rọ́bà náà nìkan. Bí ẹ́ńjìnì ló bá kú, a ó yọ ọ́, a ó fi òmíràn sí i. Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, èyí ni mo dìbò fún. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n kọ 6.5 HP sí lára á gbé e.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni agbára yín ká, kò burú. Ẹ yẹ ọ́ìlì inú pọ́ǹpù wò. Bó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Kí olùtajà sì fi omi sí i, kó tan án lójú yín. Bó bá ní omi kò sí, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹ má ná gbogbo owó tán sórí ẹ̀rọ nìkan o. Owó ni rọ́bà, owó ni ìbọn, owó ni asẹ́ tí a ń fi sẹ́nu rọ́bà tí ń fa omi, nítorí iyanrìn inú kànga a máa jẹ pọ́ǹpù. Ẹ wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ní àràárọ̀. Bí ó bá jẹ́ tuntun, ẹ pààrọ̀ ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ nǹkan bí wákàtí 20. Ẹ má tan án láìsí omi nínú pọ́ǹpù, ẹ má sì tan án nínú yàrá, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani.

Ìbọn rẹ̀ kì í ṣe ohun ìṣeré. Omi tó tinrin tó abẹ́rẹ́ lè gba awọ ara kọjá wọ inú ẹran. Ojú ọgbẹ́ náà lè má ju bí ìgbà tí èèrà géni jẹ lọ, kí inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé omi ẹ̀rọ ìfọkọ̀ ló wọ̀ ọ́ lára.