Ọjà Tí A Dá Padà àti Èrè Ọlọ́jà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Àgùdà, Sùúrùlérè)



Ọ̀rọ̀ òní kan àwọn tí ń ta ohun èlò orin láàrin wa: gìtá, ìlù, fèrè àti dùùrù oníná tí àwọn ìjọ ń rà. Ó sì kan gbogbo wa, nítorí owó ẹgbẹ́ ni a máa ń yá ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan ra dùùrù oníná ní Alábà ní náírà 180,000, ó san 4,000 fún ọkọ̀, ó sì tà á ní 205,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ 21,000. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, oníbàárà gbé e padà pé kò dún mọ́. Ọlọ́jà dá owó padà, ó ná 6,000 láti tún un ṣe. Nítorí pé páálí rẹ̀ ti ya, 175,000 ni ẹlòmíràn san. Àdánù 15,000 nìyẹn. Bí ó bá ta òmíràn láìsí wàhálà, 6,000 péré ni èrè rẹ̀ lórí dùùrù méjèèjì. Kí ni yóò fi san owó ẹgbẹ́ lóṣù náà?

Kí ní ń fà á? Dùùrù tí a kó wá láti Amẹ́ríkà lè ní adápítọ̀ tí ó mọ iná 120 fóltì nìkan. 230 ni iná tiwa. Bí a bá kì í bọ iná láìwádìí, ó jó nìyẹn. Ní ti ìlù, òjò a máa mú awọ dẹ̀, ọyẹ́ a sì mú un le. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ìlù ti bàjẹ́.

Kí a má rò pé kíkọ “a kì í gba ọjà padà” sára ògiri ni yóò gbà wá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018, tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí ó lábùkù padà.

Ohun tí mo rí pé a lè ṣe nìyí:

1. Kí a tan ohun èlò náà, kí a sì lù ú lójú oníbàárà kí ó tó sanwó.
2. Kí a kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sínú rìsíìtì, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé òmíràn padà wá.
3. Kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú èrè ọjà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.
4. Kí a jùmọ̀ ra ọjà. Olówò ńlá lè kọ etí dídi sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó gbé ọjà alábùkù padà. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jà mẹ́wàá bá jọ ń ra ọjà rẹ̀, yóò gbọ́ tiwọn.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.