Bí Odò Bá Fà, Ta Ni Òtútù Yóò Mú?

Àwa nọ́ọ̀sì tí ẹ yàn sí ọ̀rọ̀ ìlera, ọ̀rọ̀ odò Rhine ni a gbé wá lónìí. Ẹ má bi wá pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ odò. Ẹ ní sùúrù, ẹ gbọ́ wa.

Kò sí ẹni tó ń gbé ní Ludwigshafen tàbí Mannheim tí kò mọ ilé iṣẹ́ kẹ́míkà BASF. Láti 1865 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Kì í ṣe nítorí ẹwà ni wọ́n ṣe kọ́ ọ sí etí odò. Nínú ohun èlò 100 tó ń wọ ibẹ̀, nǹkan bí 40 ni ọkọ̀ ojú omi ń gbé wá.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń ti Rotterdam bọ̀ gbọ́dọ̀ gba Kaub kọjá, níbi tí odò kò ti jìn. Òpó ìwọn omi tó wà níbẹ̀ ni àwọn atukọ̀ fi ń mọ ẹrù tí wọ́n lè gbé. Ní oṣù kẹwàá 2018, lẹ́yìn ọ̀dá gígùn, ìwọn náà já sí sẹ̀ǹtímítà 25. Ọkọ̀ tó máa ń kún wá ń gbé ìwọ̀nba, kí ìdí rẹ̀ má baà gbálẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, BASF dá ṣíṣe TDI dúró, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe fóòmù ìbùsùn. Àdánù wọn lọ́dún náà tó 250 mílíọ̀nù yúrò. Omi tún fà ní 2022. Ní 2023, wọ́n gba ọkọ̀ tuntun kan, Stolt Ludwigshafen, tó lè rìn nínú omi tí kò jìn.

Ilé iṣẹ́ ńlá ti wá ọgbọ́n tirẹ̀. Àwa ńkọ́?

Odò yìí kan náà ni epo tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń mú ilé móoru ń gbà wá. Ní 2018, epo wọ́n, kò sì tó, títí ìjọba Jámánì fi ṣí epo ìpamọ́. Lọ́dún náà, a bẹ ìyá wa kan wò. Ẹ̀wù òtútù méjì ni wọ́n wọ̀ jókòó ní pálọ̀, tí ọmọ-ọmọ wọn tó ní ikọ́ fée ń mí gule-gule lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Epo kò tíì tán. Wọ́n ń ṣọ́ ọ lò ni. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú ń tì wọ́n.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín: ẹ má dúró di ìgbà tí ewé ń wọ́, nítorí ìgbà yẹn ni omi sábà máa ń fà jù. Ẹ ra epo nígbà tí odò ṣì kún. Kí ìdílé mẹ́ta mẹ́rin da owó pọ̀ rà á, owó rẹ̀ á dínkù. Bí ilé bá sì tutù, tí àgbàlagbà tàbí ọmọ kékeré wà níbẹ̀, ẹ pè wá, ìbáà ṣe òru. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.