Ìwé Wo Ló Wúlò? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Ẹ̀sìn àti Ìwé Ètò Kọ̀ǹpútà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Òmùpo

Àwọn tó pè mí sọ pé ìlú fẹ́ kó ìwé jọ sí ojú kan fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kàwé, àti pé oríṣi ìwé méjì ló dá iyàn sílẹ̀. Àwọn àgbà ń fẹ́ ìwé ẹ̀sìn, àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí n wá sọ bí a ṣe ń mọ èyí tó wúlò nínú oríṣi méjèèjì.

N kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀. Ìwé ẹ̀sìn, ẹ mọ̀ ọ́n. Ètò kọ̀ǹpútà ni àṣẹ tí ènìyàn kọ lẹ́sẹẹsẹ kí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé e. Ìwúlò ni ohun tí ìwé fi kún ọwọ́ tàbí ọkàn ẹni tó kà á, tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀, ọ̀mọ̀wé ló pọ̀ jù nínú yín.

Èrò mi kò pọ̀. Ìwé tó wúlò ni ìwé tó fún òǹkàwé láyè láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí òǹkọ̀wé bá ní kí a ṣáà gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́, tí kò fi ibi tí a lè lọ wádìí hàn wá, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló ń sọ tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, kò yẹ kí á fi owó ìlú ra ìwé rẹ̀. N kò ní kí ẹnikẹ́ni dán Ọlọ́run wò. Òǹkọ̀wé ni mo ní kí á dán wò, ènìyàn bí àwa ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìwé ètò, nítorí ìdánwò tirẹ̀ kì í pẹ́. Ọdún 2008 ni oríṣi kẹta èdè ìkọ ètò tí wọ́n ń pè ní Python jáde. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn tó ń tọ́jú oríṣi kejì jáwọ́ lára rẹ̀. Nínú oríṣi kejì, ẹ lè kọ print kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e láìfi àmì àkámọ́ yí i ká. Nínú oríṣi kẹta, àkámọ́ di dandan. Ọmọ tó bá ra àlòkù ìwé oríṣi kejì, tó tẹ ìlà àkọ́kọ́ sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ yóò kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Yóò sì rò pé orí òun ni kò pé, nígbà tó jẹ́ pé ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí èyí sọ pé gbogbo ìwé ètò tó ti pẹ́ ló ti kú. Ọdún 1978 ni Brian Kernighan àti Dennis Ritchie tẹ ìwé wọn lórí èdè C jáde, wọ́n tún un ṣe ní 1988, àwọn ènìyàn ṣì ń fi kọ́ C títí di òní. Kò nípọn rárá. Ohun tó mú un pẹ́ ni pé odindi ni ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ inú rẹ̀: ẹ lè tẹ̀ wọ́n bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ rí ohun tí wọ́n ṣe, kí ẹ yí nǹkan kan padà, kí ẹ tún wò ó.

Nígbà tí èmi ń kọ́ FORTRAN, ojú pátákó ìkọ̀wé ni mo ti kọ́ ọ. A ó kọ ètò sórí ìwé, a ó gún un sára káàdì, wọn yóò kó káàdì náà lọ síbi tí ẹ̀rọ wà, èsì yóò sì dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan pé kọ́mà kan ló sọnù. Inú ìdúró yẹn ni mo ti mọ bí a ṣe ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ẹ̀yin ọmọ mi tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹ̀rọ tó lágbára ju èyí tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wa ń dúró dè lọ ló wà nínú àpò yín. Ìwé kún orí fóònù yín bámúbámú. Èwo lẹ ti tẹ àpẹẹrẹ inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ẹni tó kó ìwé ètò jọ láìtẹ ìlà kan kò tíì ka ìwé náà. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Ìwé ẹ̀sìn kò ní ẹ̀rọ tí yóò kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìwé tí kò dára fi ń pẹ́ lọ́wọ́ wa. Síbẹ̀ ó ní ìdánwò tirẹ̀. Bí òǹkọ̀wé bá tọ́ka sí ẹsẹ kan, ẹ ṣí Bíbélì tàbí Àlùkùránì, kí ẹ ka ohun tó ṣáájú ẹsẹ náà àti ohun tó tẹ̀ lé e. Ìwé pọ̀ lọ́jà lónìí tí fọ́tò ẹni tó kọ ọ́ gba gbogbo èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹsẹ inú rẹ̀ kò sì sọ ohun tí wọ́n ní ó sọ. Ẹ̀yin òbí lẹ ń rà á.

Ìdánwò kejì bá ilẹ̀ Ìgbómìnà tí a wà yìí mu gidigidi. Nínú agboolé kan ṣoṣo níbí, ẹ ó rí Mùsùlùmí, ẹ ó rí Kristẹni, ẹ ó sì rí ẹni tó ṣì ń bá eégún ìdílé jáde. Bí ìwé kan bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn ẹlòmíràn, ṣé ẹlẹ́sìn náà lè gbọ́ ọ kó sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, tiwa nìyẹn"? Kò dìgbà tó bá gbà pẹ̀lú òǹkọ̀wé. Kó ṣáà dá ara rẹ̀ mọ̀ nínú rẹ̀. E. M. Lijadu, òṣìṣẹ́ CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Kristẹni, tẹ ìwé kan jáde lórí Ifá ní 1898. Ìhìnrere ló ń wàásù, ṣùgbọ́n ó jókòó ti àwọn tó mọ Ifá, ó sì gbọ́ tẹnu wọn. Ọdún 1906 ni ìtumọ̀ Àlùkùránì àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá jáde ní Èkó, M. S. Cole, àlùfáà ìjọ Kristẹni, ló sì ṣe é. Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá kò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n ṣe ìtumọ̀ tiwọn jáde ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1979. Ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Síbẹ̀ èmi kò ní da ti Cole nù, nítorí ẹni tó bá gbọ́ Lárúbáwá lè gbé méjèèjì kalẹ̀ kó sì rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀.

Àríyànjiyàn kan wà tí mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fà láti ìgbà pípẹ́, n kò sì lè wá síbí kí n má sọ ọ́. Ìwé ń jáde léraléra tó ń sọ pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, pé ọ̀dọ̀ wa làwọn òyìnbó ti jí i. Òǹkà Odù ni ẹ̀rí wọn. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀rí náà wò. Ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí a fi ń dá Ifá, ní abala mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Bí babaláwo bá jù ú sílẹ̀, abala kọ̀ọ̀kan lè fi inú hàn, ó sì lè fi ẹ̀yìn hàn. Abala kan fún wa ní ọ̀nà méjì, méjì fún wa ní mẹ́rin, ẹ máa ṣe é ní ìlọ́po lọ: 8, 16, 32, 64, 128, 256. Odù 256 nìyẹn, 16 jẹ́ Ojú Odù, 240 jẹ́ Àmúlù. Nínú kọ̀ǹpútà, byte kan ní àyè mẹ́jọ, àyè kọ̀ọ̀kan jẹ́ òdo tàbí ení, ohun tí byte kan lè dúró fún sì jẹ́ 256. Ìṣirò kan náà ni. N kò jiyàn èyí rí. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ pé àwọn baba wa ti ń fi òǹkà yìí ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ro kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í ṣe 256. Kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ, tó ń pa á mọ́ sínú, tó sì ń mú un ṣẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìsí pé ẹnì kan ń tì í lẹ́yìn. Ẹsẹ ni ọrọ̀ Ifá. Babaláwo ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kó wọn sórí. Bí Odù bá yọ, yóò ki ẹsẹ, ẹni tó wá dá Ifá yóò máa tẹ́tí títí yóò fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Ènìyàn méjì ló jókòó níbẹ̀, ọkàn wọn sì wà nínú iṣẹ́ náà. Ẹ fi iyẹn wé ẹ̀rọ, ẹ ti sọ èyí tó níye lórí jù nù.

Ṣáínà náà ní irú rẹ̀. Ìwé ìdáfá wọn tó ń jẹ́ I Ching ní àmì 64, ìlà mẹ́fà mẹ́fà, ìlà kọ̀ọ̀kan odindi tàbí èyí tó gé. Leibniz, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, rí i, inú rẹ̀ dùn, ó sì mẹ́nu bà á nínú àròkọ tó kọ ní 1703 lórí òǹkà òdo àti ení. Kò tìtorí ẹ̀ sọ pé àwọn ará Ṣáínà ti ṣe ẹ̀rọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ lójú mi pé mò ń tẹ́ńbẹ́lú ogún baba mi. Rárá o. Ẹni tó ní àfi kí Ifá di ẹ̀rọ òyìnbó kó tó níyì ló ń tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ní 2005 tí UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé, wọn kò dárúkọ kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti ka àwọn ìwé tó ń pe Ifá ní kọ̀ǹpútà. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ẹsẹ Ifá kan tó pé, wọn kò sì ní ìlà ètò kan tó ń ṣiṣẹ́. Babaláwo kò rí nǹkan mú níbẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ ètò náà kò rí. Ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá tí Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ Ifá, tẹ̀ jáde ní 1968. Ẹsẹ Ifá gan-an ló tẹ̀ síbẹ̀. Ẹ lè gbé e tọ babaláwo lọ kí ẹ bi í bó ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan wà tí mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nítorí ó kọ ìwé ní ìhà méjèèjì. Orúkọ rẹ̀ ni Donald Knuth, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì ní Stanford, ọmọ ìjọ Luther. Apá kìíní ìwé ńlá rẹ̀ lórí ètò kọ̀ǹpútà jáde ní 1968. Ní 1991, ó tẹ ìwé mìíràn jáde lórí Bíbélì, orúkọ rẹ̀ ni 3:16. Orí kẹta, ẹsẹ kẹrìndínlógún, ló mú nínú ìwé Bíbélì kọ̀ọ̀kan tó gùn tó bẹ́ẹ̀, láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. Kò ṣa ẹsẹ tó wù ú. Ó mú ohun tí òǹkà gbé kò ó, ó wá ohun tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórí rẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀, ó sì kọ ojú ìwé mélòó kan lé e. Ẹni tó bá ń ṣa ẹsẹ tó wù ú lè fi Bíbélì ti ohunkóhun lẹ́yìn. Ẹni tó fi ara rẹ̀ sábẹ́ òǹkà gbọ́dọ̀ gba èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn.

Èyí tó tún wú mi lórí jù ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àṣìṣe nínú ìwé ètò rẹ̀, ó máa ń fún un ní ṣẹ́ẹ̀kì dọ́là méjì àti sẹ́ńtì 56 títí di 2008. Fún àṣìṣe nínú ìwé Bíbélì rẹ̀, dọ́là mẹ́ta àti sẹ́ńtì 16. Owó náà kéré, ọ̀pọ̀ kì í gbà á ní báǹkì, wọ́n á fi í sínú férémù. Ẹ wo ohun tí ọkùnrin náà ń sọ: mo lè ṣìnà nínú ìṣirò, mo lè ṣìnà nínú Ìwé Mímọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún mi. Òǹkọ̀wé ẹ̀sìn mélòó nílẹ̀ wa ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Òǹkọ̀wé ètò mélòó? Mo ti kọ lẹ́tà sí òǹkọ̀wé kan rí nípa àṣìṣe inú ìwé rẹ̀, ó ní ìlara ló ń dà mí láàmú.

Ohun méjì ló kù kí n tó parí.

Ẹ wo bí ìwé ètò ṣe ń ṣe èdè wa. Àwa ka lẹ́tà mẹ́fà nínú Ọlọ́run. Nínú Python, iye tí ẹ̀rọ yóò kà lè jẹ́ 7, ó sì lè jẹ́ 9, bí wọ́n bá ṣe tọ́jú àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn ni. Ìwé tí kò bá ṣàlàyé èyí kò lè ran ọmọ tó fẹ́ ṣe àkójọ orin ìjọ tàbí wáàsí lédè Yorùbá lọ́wọ́. Ẹ wá orí tó sọ̀rọ̀ nípa Unicode, ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń tọ́jú lẹ́tà èdè gbogbo, kí ẹ tó sanwó.

Ní ti ẹ̀sìn àtijọ́ agbègbè wa, Phillips Stevens kọ ìwé lórí àwọn ère òkúta Èsìẹ́ ní 1978. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀ láti 1945 kò jìnnà sí wa. Ẹ ka ìwé náà, kí ẹ wá lọ wo àwọn ère náà fúnra yín.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣiṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ètò. Ẹ gbé Bíbélì, Àlùkùránì àti ìwé Abímbọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀sìn, sórí tábìlì tí àga pọ̀ yí ká. Ẹ fi ìwé àkọsílẹ̀ kan síbẹ̀ tí òǹkàwé yóò ti máa kọ àṣìṣe tó bá rí, pẹ̀lú orúkọ ìwé àti ojú ewé. Kí ọdún kan tó pé, àkọsílẹ̀ yẹn ni kí ẹ fi mọ ìwé tí ẹ óò tún rà àti èyí tí ẹ óò kó kúrò.