Ọmọ Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Yí Sínú

Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, bí a bá bí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú, kì í ṣe ẹ̀bi ìyá rẹ̀. Ó ní ìtọ́jú. Wọ́n á rọra fi ọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ náà sípò, wọ́n á fi POP dì í, wọ́n á sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ìgbà 5 sí 7. Lẹ́yìn náà, ọmọ á máa fi bàtà onírin sùn títí á fi tó bí ọmọ ọdún 4.

Èrò pọ̀ ní ọsibítù eegun Ìgbóbì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn sí wa. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, inú ilé wa ni ìdúró ti ń bẹ̀rẹ̀. A ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó ná, á tọ́ bó bá yá." Oṣù á di ọdún, eegun á le. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Nítorí náà, ká wo ẹsẹ̀ ọmọ lọ́jọ́ tí a bá bí i. Ká gba ìwé ọsibítù lọ́wọ́ agbẹ̀bí kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ká má pa ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa jẹ, àyè ọmọ ẹlòmíràn la fi ń ṣòfò. Ẹ̀yin tó wà lódìkejì ọ̀sà, ẹ jùmọ̀ dá owó ọkọ̀ fún ìyá tí kò ní. Ẹsẹ̀ ọmọ kò ní dúró dè wá o.