Eegun Aboyún àti Eegun Ọmọ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ eegun ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Òótọ́ ni pé arúgbó ni ó ń jẹ ìyà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà èwe ni a ti ń jẹ gbèsè náà.

Eegun kì í ṣe òkúta. Lójoojúmọ́ ni ara ń wó díẹ̀ nínú rẹ̀, tí ó sì ń mọ òmíràn dípò. Títí di nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, pàápàá nígbà tí ọmọbìnrin ń bàlágà, èyí tí ara ń mọ pọ̀ ju èyí tí ó ń wó lọ. Lẹ́yìn náà, ohun tí a ti kó pamọ́ ni a ó máa ná. Èròjà tí ara fi ń mọ ọ́n ni à ń pè ní kálísíọ́ọ̀mù. Inú oúnjẹ ni a ti ń rí i. Ara kò lè dá a ṣe.

Ẹ wo ohun tí oyún ń ṣe. Ọmọ tí a bí pé oṣù ní kálísíọ́ọ̀mù tí ó tó nǹkan bí gíráàmù 30 lára, oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn ni ó sì ń gba èyí tí ó pọ̀ jù. Bí oúnjẹ ìyá kò bá tó, inú eegun ìyá ni ara yóò ti bù ú. Nígbà ìfúnlọ́mú, a ó tún bù níbẹ̀. Ẹ má tìtorí èyí já ọmọ lẹ́nu ọmú o: lẹ́yìn ọmú, eegun ìyá tí ó ń jẹun dáadáa a máa padà sípò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó lóyún. Eegun tirẹ̀ gan-an ṣì ń dàgbà, eegun ìbàdí rẹ̀ sì lè má tíì fẹ̀ tó fún ìrọbí. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fi ìbínú fi oúnjẹ dù ú. Ẹ tètè mú un wá sí ilé ìwòsàn.

Oòrùn ń jẹ́ kí ara rí fítámì D ṣe, oòrùn kò sì wọ́n wa nílẹ̀ yìí. Síbẹ̀, a ń rí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Ìwádìí tí àwọn dókítà ṣe ní Jos, tí a tẹ̀ jáde ní 1999, fi hàn pé kálísíọ́ọ̀mù wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn ju fítámì D nìkan lọ. Ògì àti ẹ̀bà ń yó ni, ṣùgbọ́n kálísíọ́ọ̀mù inú wọn kéré púpọ̀.

Ẹ má wo mílíìkì inú agolo nìkan, owó rẹ̀ ti ga. Ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí a ń jẹ teegun-teegun ni ó rọrùn jù. Bí ẹ bá yọ eegun rẹ̀ dànù, ẹ ti da ohun tí à ń wá nù. Ẹ gún un kúnná, ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ máa bu díẹ̀ sí ọbẹ̀ àti sí ògì ọmọ. Wàrà àwọn Fúlàní dára, ṣùgbọ́n ẹ sè é kí ẹ tó jẹ ẹ́. Ewédú, ewúro àti yànmọ̀tí náà kò gbẹ́yìn. Ẹ má sì sọ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹja yóò di olè. Mo ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò lè dá dúró.

Ẹ̀yin ọmọge, ẹlẹ́rìndòdò kì í ṣe oúnjẹ. Sìgá àti ọtí ń ba eegun jẹ́, yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ń ṣe fún oyún. Ọ̀pọ̀ ìpara tí a fi ń bó àwọ̀ ní oògùn líle kan tí ń jẹ́ sìtẹ́rọ́ọ̀dù nínú. Bí a bá ń fi í para pẹ́, ó ń gba awọ wọlé, ó sì lè sọ eegun di ẹlẹgẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń rìn lọ sọ́jà, tí ẹ ń gúnyán, ẹ ti ń ṣe eré ìdárayá tiyín.

Ó ku ti oògùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé níbi tí kálísíọ́ọ̀mù inú oúnjẹ bá kéré, kí aboyún máa lo gíráàmù 1.5 sí 2 lóòjọ́, ní ìpín mẹ́ta, nítorí ó ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún kù, èyí tí ó lè di gìrì tí ń pa ìyá àti ọmọ. Ẹ má rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri oògùn. Ẹ bi nọ́ọ̀sì yín. Bí wọ́n bá fún yín, ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, ẹ má sì lò ó pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wákàtí díẹ̀ wà láàrin wọn, nítorí ọ̀kan kì í jẹ́ kí ara gba èkejì dáadáa.