ẸNÌ KAN ṢOṢO NI DÁFÍDÌ TA DÙÙRÙ FÚN



Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí 16, láti ẹsẹ 14. Ẹ̀mí búburú ń yọ Sọ́ọ̀lù lẹ́nu, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ sì ní kí wọ́n wá ẹni tó mọ dùùrù ta. Ẹ kíyè sí i o, wọn ò ní kí wọ́n wá ẹni tó kàn fẹ́ràn orin. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ti rí ọmọ Jésè. Dáfídì ò tí ì dé ààfin nígbà náà! Ẹ̀yìn àgùntàn ló wà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti pàtẹ́wọ́ fún un, síbẹ̀ ìròyìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọba. Nígbà tó wá débẹ̀, èèyàn mélòó ló ń ta dùùrù fún? Aláìsàn kan! Ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé: ẹnì kan ṣoṣo ni!

Ètò orin Kérésìmesì tí a fẹ́ ṣe ní Òmù-Àrán ló fà á tí mo fi ń sọ èyí. Mo ń gbọ́ ohun tí ẹ̀yin olórin ń sọ: "Pásítọ̀, ètò kékeré ni. Kì í ṣe ti Èkó. Ẹ̀mí Mímọ́ á ṣe é." Á ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ẹ̀mí Mímọ́ ló máa bá yín fa ọsán ìlù. (Ẹ̀rín.)

Ọyẹ́ á ti dé nígbà náà. Ẹ̀yin onílù, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ: òjò a máa mú awọ dẹ̀, ọyẹ́ a sì máa mú un le, ohùn rẹ̀ á ròkè. Gángan tí ẹ ti gbé kọ́ láti ìgbà ìkórè, ṣé ìgbà tí gbogbo èèyàn bá ti jókòó lẹ fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọsán rẹ̀ ti já? Ẹni tó ń lu gúdúgúdú, ṣé ìda ojú awọ ṣì dúró? Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, iná lè lọ. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ wò ṣáájú, kí ẹ gbọ́ bóyá ariwo rẹ̀ ń wọnú sípíkà. Ẹ bá onílù jókòó, torí ìlù wa ń sọ̀rọ̀.

Orin pàápàá ń sọ̀rọ̀. Ẹkundayọ Phillips tó jẹ́ olórí akọrin ní Kàtídírà ti Mẹ́rínà l'Ékòó láti 1914 sí 1962 kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Ohun tó jà fún ni pé kí ohùn orin tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ẹ yẹ orin yín wò lẹ́ẹ̀kan sí i: èyí tí ohùn rẹ̀ bá ń yí ìtumọ̀ padà, ẹ yọ ọ́. Ẹ̀yin akọrin náà, ẹ má dúró bí ère òkúta Èsìẹ́! (Ẹ̀rín.) Ó ju 800 lọ nílé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, gbogbo wọn dákẹ́. Ẹ la ẹnu yín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti gba iṣẹ́ òde àríyá sí alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mi ò ní kí ẹ má jẹun o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lùlù mọ́jú, ọwọ́ rẹ̀ á ti wú. Ẹ̀yin alàgbà, ẹ fún wọn lówó ọkọ̀, ẹ yé sọ pé Ọlọ́run á san án.

Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń bọ̀? Ilé máa ń kún ní Kérésìmesì, láti Èkó, láti Kàdúná. Nínú wọn, ẹnì kan wà tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Ìwàásù mi á sú u. Tí ìlù bá wá pe orin tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn, tó pè é kó jọra, omi lè bọ́ lójú rẹ̀. Sọ́ọ̀lù tiyín nìyẹn. Ṣé ìlù tó ti dẹ̀ lẹ fẹ́ lù fún un?

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ìgbaradì. Ẹ má fi ìlù sílẹ̀ sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ nínú oòrùn.

Ẹ dìde. Ẹ gbé ọwọ́ lé ohun èlò yín. Baba, ẹni tí o ń mú bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn yẹn, mú un dé láyọ̀. Lórúkọ Jésù. (Àmín!)