Ẹrù ní Ọkọ̀ Tirẹ̀, Èrò ní Tirẹ̀



Àwa oníṣòwò mọ ẹrù. Òmíràn ṣeé dì sí àpò. Òmíràn, bí èédú àti òkúta, dídà ni à ń dà á. Láti 1916 tí ojú irin ti so Enugu mọ́ Port Harcourt, wágọ́ọ̀nù, àpótí irin ńlá tí ọkọ̀ rélùwéè ń fà, ni wọ́n fi kó èédú lọ sí èbúté. Nígbà tí ojú irin náà dé Kaduna, èédú yẹn ni ẹ̀rọ ọkọ̀ ń jẹ.

Wágọ́ọ̀nù èédú kò ní òrùlé, torí òjò kì í ba èédú jẹ́. Ti ọkà àti símẹ́ǹtì ní òrùlé. Látòkè ni wọ́n ń da ẹrù sí i. Bó bá débi tó ń lọ, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn abẹ́ rẹ̀, ẹrù á sì ya sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹrù nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Lónìí, tírélà la fi ń kó ẹ̀wà àti àgbàdo lọ sí Èkó, àwọn ọmọ wa á sì jókòó sórí àpò. A ti sin nínú wọn. Ó tó gẹ́ẹ́! Ẹni tó bá ń tẹ̀lé ẹrù, kí ó wọ mọ́tò èrò. Kí ọ̀gá rẹ̀ san owó ọkọ̀. Èrè tó dín lónìí, a lè rí i lọ́la. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín.